Ẹ̀kọ́ Inú Ìkùtà: Òwò Ìlẹ̀kẹ̀ àti Aṣọ ní Ìlú Ìlọrin

Ọ̀rọ̀ kan wà ní èdè Yorùbá tí ẹni tí kò ṣòwò rí lè má mọ bí ó ti wúwo tó. Ọ̀rọ̀ náà ni ìkùtà. Ọjà tí a pàtẹ láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, tí àwọn ènìyàn rí, tí wọ́n fọwọ́ kàn, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ lọ, òun ni ó kùtà. Ìkùtà yàtọ̀ sí àdánù. Ẹni tí ó tà tí ó sì pàdánù mọ iye tí ó bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó lè kà á lórí ìka. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọjà rẹ̀ kùtà kò ní ohun tí yóò kà. Owó tí kò wọlé kò ní iye, ẹni tí kò rà kò sì fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ lọ.

Ní Ọjà Tuntun ní ìlú Ìlọrin, bí ó ti rí ní gbogbo ọjà ilẹ̀ Yorùbá, oníbàárà a máa wọ ìsọ̀ aláṣọ, a máa tú aṣọ wò, a máa béèrè iye rẹ̀, a sì máa ná an títí ẹnu yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kò. Lẹ́yìn èyí ni yóò dìde, tí yóò sì wí pé, “Ẹ kú ọjà o, Àlàájà, mò ń bọ̀.” Kò sí ọmọdé kan tí a tọ́ dàgbà nínú ọjà tí kò mọ̀ pé “mò ń bọ̀” yìí kì í ṣe ìlérí. Ọ̀nà ọmọlúàbí ni láti sọ pé òun kò ní rà, kí ojú má baà ti ẹni tí ó ń tà. Ọ̀rọ̀ tútù ni, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tútù yìí gan-an ni ó fi ìdí ọ̀ràn pamọ́ fún ọlọ́jà. Ṣé owó ni kò tó ni? Ṣé àwọ̀ aṣọ náà ni kò wù ú? Àbí ó ti rí irú rẹ̀ ní ìsọ̀ kejì ní ẹ̀dínwó? Nítorí náà ni àwọn àgbà aláṣọ fi ń kọ́ ọmọ tí ó wà lọ́dọ̀ wọn pé kí ó má wo ẹnu oníbàárà nìkan, kí ó wo ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú: aṣọ wo ni ọwọ́ náà kọ́kọ́ bà, ibo ni ó sì ti dúró pẹ́? Ẹnu lè pa irọ́ nítorí ìtìjú. Ọwọ́ kì í sábà pa á.

Ìtàn òwò ìlú Ìlọrin láti bí 200 ọdún sẹ́yìn kún fún irú ẹ̀kọ́ yìí. Ìlú náà ti rí i kí oníbàárà kọ ẹ̀yìn sí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àwọn kan nínú àwọn ọlọ́jà rẹ̀ gbọ́ ohun tí ìkùtà ń sọ. Àwọn kan kò gbọ́. Àwọn mìíràn sì gbọ́ ọ dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí wọ́n lè fi ṣe.

Ìdí tí Ìlọrin fi di ìlú ọjà kò ṣòro láti rí. Ó wà ní ọ̀nà tí àwọn tí ó ń ti ilẹ̀ Hausa àti ti Núpé bọ̀ ń gbà wọ ilẹ̀ Yorùbá. Lẹ́yìn ikú Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ní nǹkan bí 1824, ìjọba ìlú náà bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọmọ Àlímì, àlùfáà Fúlàní tí Àfọ̀njá fúnra rẹ̀ ti ké sí. Abdusalami ni ó kọ́kọ́ jẹ Ẹ́míà. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé sì tú ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀ ni ó di ará Ìlọrin, nínú wọn ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wà. Báyìí ni ìlú kan náà ṣe kó Yorùbá, Fúlàní, Hausa, Núpé àti Bàrùbá pọ̀, tí ó sì ní ọjà ńlá ní iwájú ààfin Ẹ́míà àti òmíràn ní Gámbàrí fún àwọn àlejò òkè. T. J. Bowen, ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi ará Amẹ́ríkà, dé ibẹ̀ ní 1855. Gerhard Rohlfs ará Jámánì sì gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Èkó ní 1867.

Kán-ún, ẹṣin àti iṣẹ́ awọ ń ti òkè wá. Aṣọ òyìnbó, iyọ̀ àti ẹ̀tù ìbọn ń ti ìsàlẹ̀ wá. A kò sì gbọdọ̀ fi bò pé wọ́n ń ta ẹrú níbẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n sì ń tà á púpọ̀. Ohun tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ni pé àwọn aláṣẹ Ìlọrin kò fẹ́ kí oníṣòwò tí ó ti òkè wá kọjá lọ sí gúúsù, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò fẹ́ kí ará gúúsù kọjá lọ sí òkè. Ìlọrin ni kí àwọn méjèèjì ti pàdé, kí wọ́n sì ti tà fún ara wọn. Onílé tí ó gba àlejò sí ìyẹ̀wù, àti alárinà tí ó bá àlejò náà ná ọjà, ni wọ́n ń jẹ nínú ìpàdé yìí. Irú ọlọ́jà bẹ́ẹ̀ kì í kọ́ ohun púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Bí oníbàárà kò bá ní ibòmíràn tí yóò lọ, kí ni a fẹ́ máa wo ọwọ́ rẹ̀ fún?

Ìgbà náà kò pẹ́ títí. Ní oṣù Èrèlé 1897, àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin. Ìjọba òyìnbó kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí ọ̀nà òwò mọ́. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí ó ti Èkó bọ̀ ń sún mọ́ tòsí: ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908, ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ó sì ti dé Jẹ́bà ní etí odò Ọya. Kò tó ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà tí ẹrù fi lè ti Èkó lọ sí Kánò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní Ìlọrin. Àwọn baba àwọn alárinà ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà fún ìran méjì tàbí mẹ́ta, ìlẹ̀kùn náà sì ti ṣí kúrò níwájú wọn. Ọkọ̀ ojú irin kò tilẹ̀ wí pé “mò ń bọ̀”. Ó fọn fèrè rẹ̀, ó sì kọjá.

Ohun tí ó kù fún ìlú náà láti tà ni ohun tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Nínú ìwọ̀nyí, làǹtánà wà lára àwọn tí ó lókìkí jù. Ìlẹ̀kẹ̀ pupa tí a gbẹ́ láti ara òkúta líle ni. Orúkọ rẹ̀ ti èdè Hausa wá, òkúta náà pàápàá sì ti ọ̀nà jíjìn ní òkè wá. Ṣùgbọ́n àwọn ìdílé tí ó ń gbẹ́ ẹ ní Ìlọrin sọ pé Ọ̀yọ́ Ilé ni àwọn ti mú iṣẹ́ náà bọ̀. Àwọn ọba àti ìjòyè ń so ó mọ́ ọrùn àti ọrùn ọwọ́, àwọn ọlọ́rọ̀ sì ń rà á fún ọmọ wọn obìnrin tí ń lọ ilé ọkọ. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. A ó kọ́kọ́ gé òkúta sí wẹ́wẹ́, a ó fi irin ṣóńṣó lu ú ní ihò díẹ̀díẹ̀, a ó sì máa lọ̀ ọ́ títí yóò fi yọ̀, tí yóò sì dán. Ẹyọ kan lè gba ọwọ́ ènìyàn fún ìgbà pípẹ́, bí ó bá sì fọ́ nígbà tí a ń lu ihò rẹ̀, òfo ni gbogbo rẹ̀.

Ní ìlú Idar-Oberstein ní Jámánì, àwọn oníṣẹ́ òkúta ti ń fi agbára omi yí ọlọ ńláńlá tí wọ́n fi ń gbẹ́ òkúta tí wọ́n sì fi ń dán an. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ òkúta tí ó bá ojú àwọn ènìyàn Áfíríkà mu, wọ́n sì ń kó o ránṣẹ́. Ní Bohemia, tí ó wà nínú orílẹ̀-èdè Czech lónìí, dígí ni wọ́n fi ń ṣe àfarawé. Nígbà tí irú ìlẹ̀kẹ̀ wọ̀nyí kún ọjà, oníbàárà tí ó gbé làǹtánà Ìlọrin sí ọwọ́ kan tí ó sì gbé ti òyìnbó sí ọwọ́ kejì rí i pé pupa ni àwọn méjèèjì, ó rí i pé àwọn méjèèjì ń dán, ó sì rí i pé iye wọn jìnnà sí ara wọn. Nígbà tí J. D. Clarke kọ̀wé lórí iṣẹ́ náà nínú ìwé ìròyìn Nigeria ní 1938, iṣẹ́ náà ti ń lọ sílẹ̀. Nígbà tí Ann O'Hear, òpìtàn tí ó ti wádìí púpọ̀ nípa Ìlọrin, tún kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1986, ìtàn iṣẹ́ tí ó ti kọjá ni ó ń kọ.

Ó rọrùn láti wí pé àwọn oníṣẹ́ làǹtánà kò kọ́gbọ́n. Ẹjọ́ náà kò tọ́. Kí ni wọn ìbá ṣe? Bí wọ́n bá dín iye kù, wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ fún ebi nìyẹn, nítorí ọwọ́ ènìyàn ni iye náà, kì í ṣe òkúta. Bí wọ́n bá fẹ́ yí irú ìlẹ̀kẹ̀ náà padà, pupa ni oníbàárà fẹ́, pupa ni wọ́n sì ń ṣe. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè gbọ́n tó tí òkúta yóò fi rọ̀ lábẹ́ irin rẹ̀. Ìkùtà kan wà tí ó ń sọ fún ọlọ́jà pé kí ó tún ọjà rẹ̀ ṣe. Òmíràn wà tí ó ń sọ fún un pé kí ó kó igbá rẹ̀ kúrò. Àwọn ọmọ onílàǹtánà gbọ́ èyí èkejì, ọ̀pọ̀ wọn sì wá iṣẹ́ mìíràn lọ. Ìlú náà pàdánù ọgbọ́n ọwọ́ kan tí kò tíì padà, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a pe ẹni tí ó fi í sílẹ̀ ní òmùgọ̀.

Àwọn tí ó jàǹfààní ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin jù ni àwọn tí kò dúró de oníbàárà. Nínú wọn ni àwọn Ìjẹ̀ṣà tí a ń pè ní Òṣómàáló wà. Lẹ́yìn tí ogun Kírìjí ti parí pátápátá ní 1893, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Ìjẹ̀ṣà bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ mìíràn yàtọ̀ sí ti ogun. Nígbà tí ó sì di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń ra aṣọ òyìnbó lọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ òwò ńlá, wọ́n ń dì í lẹ́rù, wọ́n sì ń rù ú kiri abúlé ilẹ̀ Èkìtì, ti Ìgbómìnà, ti Kàbà, títí dé ìlú àwọn Núpé. Apá púpọ̀ nínú ilẹ̀ wọ̀nyí wà lábẹ́ Ìlọrin tàbí ní ìtòsí rẹ̀. J. D. Y. Peel, tí ó kọ ìtàn àwọn Ìjẹ̀ṣà ní 1983, fi hàn bí òwò yìí ti ṣe pàtàkì tó fún Iléṣà.

Ọgbọ́n wọn wà nínú ohun kan ṣoṣo tí àwọn ọlọ́jà tí ó jókòó sí ojú kan kò rí. Bí àgbẹ̀ bá dé ọjà, tí ó fọwọ́ pa aṣọ lára, tí ó mí kanlẹ̀ tí ó sì lọ, aláṣọ yóò wí nínú ara rẹ̀ pé, kò fẹ́ ni. Òṣómàáló mọ̀ pé ó fẹ́. Owó rẹ̀ ni ó ṣì wà nínú ilẹ̀, nínú iṣu tàbí òwú tàbí kòkó tí kò tíì tó kó. Nítorí náà ó gbé aṣọ náà fún un lójú ẹsẹ̀, ó dá ọjọ́ tí yóò padà wá, ó sì bù lé iye rẹ̀, nítorí ẹni tí ó ń ta àwìn mọ̀ pé àwọn tí kò ní san wà láàárín àwọn tí yóò san. Nígbà tí ọjọ́ bá pé, yóò dé, yóò sì lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè. Kò ní jókòó, kò ní jẹun, kò ní gba omi. Òṣó ni òun yóò máa ló títí òun yóò fi gba owó òun. Ibẹ̀ ni orúkọ wọn ti jáde. Àwọn aládùúgbò yóò máa kọjá, wọn yóò máa wò ó, ìtìjú yóò sì bá onílé ju bí ọ̀rọ̀ ẹnu lè ti bà á lọ. Àwọn ènìyàn fi orúkọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ fún ìgbà pípẹ́ kí àwọn Ìjẹ̀ṣà tó wá fi í ṣe oríkì ara wọn.

Iṣẹ́ náà ní ìyà tirẹ̀. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ a máa ru ẹrù ọ̀gá rẹ̀ láti abúlé dé abúlé fún ọdún púpọ̀ kí ó tó gba òmìnira. Nígbà tí iye irè oko já wálẹ̀ káàkiri ayé lẹ́yìn 1929, àìmọye gbèsè ni kò ṣeé gbà, bí ó ti wù kí ènìyàn lóṣòó pẹ́ tó. Síbẹ̀ òwò náà tẹ̀ síwájú títí di àárín ọ̀rúndún náà, kí ọ̀nà mọ́tò àti ọjà ìtòsí tó mú un dẹ̀. Ohun tí ó kọ́ àwọn ọlọ́jà ìgbèríko Ìlọrin ni pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àti pé “mò ń bọ̀” lè túmọ̀ sí “n kò fẹ́”, ó sì tún lè túmọ̀ sí “n kò tíì ní”. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ méjèèjì yóò máa tún aṣọ rẹ̀ ṣe nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀nà tí a fi ń sanwó ni ó yẹ kí ó tún ṣe.

Ṣùgbọ́n aṣọ òyìnbó tí àwọn Òṣómàáló àti àwọn mìíràn ń rù kiri yìí, ọjà ta ni ó mú kùtà? Ti àwọn obìnrin tí ó ń hun kíjìpá ni, àti ti àwọn tí ó ń ran òwú. Nínú ilé Ìlọrin, bí ó ti rí ní ilé Yorùbá mìíràn, obìnrin ń hun aṣọ fífẹ̀ lórí òfì òòró tí a fi ti ara ògiri. Ọkùnrin sì ń hun aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí íǹṣì 4, tí a ó wá rán pọ̀. Kíjìpá nípọn, ó sì lágbára. Aṣọ iṣẹ́ àti aṣọ ìbora ni. Aṣọ òyìnbó wọ́n sí i lára nítorí pé iṣẹ́ kan náà ni ó wá ṣe, ó sì fúyẹ́, ó rọrùn láti fọ̀, iye rẹ̀ sì kéré. Bí ọ̀rúndún ogún ti ń lọ ni òfì àwọn obìnrin Ìlọrin ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn arànwú rí ìkùtà tiwọn pẹ̀lú, ó sì dùn wọ́n jù, nítorí pé àwọn ahunṣọ ilé wọn gan-an ni kò rà á mọ́: òwú tí a fi ẹ̀rọ ran dọ́gba, kì í já, ahunṣọ sì lè fi í ṣe iṣẹ́ púpọ̀ ní ọjọ́ kan. Ẹ̀kọ́ tí ọkọ kọ́ lára oníbàárà ni ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Àwọn òpìtàn tí ń yin àwọn ahunṣọ kì í sábà dúró lórí èyí.

Àwọn ahunṣọ ọkùnrin kò lè bá aṣọ òyìnbó du iye. Wọ́n fi aṣọ ojoojúmọ́ sílẹ̀ fún un, wọ́n sì di aṣọ òde mú. Sányán tí ó ti ara kòkòrò ìgbẹ́ wá, ẹtù tí ó dúdú bí ojú ọ̀run òru, àti àlàárì tí òwú ṣẹ́dà pupa rẹ̀ ń gba aṣálẹ̀ Sàhárà wá nígbà àtijọ́, ti jẹ́ aṣọ iyì tẹ́lẹ̀. Nígbà tí òwò Sàhárà kú, wọ́n gba ṣẹ́dà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tí ó ń ti etí òkun bọ̀, wọ́n sì ń hun nìṣó. Ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, ìsìnkú àgbà, ọdún Ìtúnu àwẹ̀ àti ọdún Iléyá kò níí tán láyé, ẹni tí ó sì ń lọ sí òde kì í fẹ́ kí aṣọ rẹ̀ jọ ti ẹni tí ń ti oko bọ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ohùn oníbàárà ni ó yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Ní ọjọ́ mẹ́rìndínlógún-mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ń ná ọjà aṣọ òkè Ọjẹ́ ní Ìbàdàn. Àwọn aláṣọ Ìlọrin ń pàdé ti Ìṣẹ́yìn àti ti Ọ̀yọ́ níbẹ̀, àwọn tí ó ń rà sì ń ti Èkó àti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wá. Ẹni tí ó ru aṣọ lọ tí ó tún ru ú padà ní gbogbo ọ̀nà láti ronú. Ó ti rí èyí tí àwọn ènìyàn ń du mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní àtẹ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Ó ti gbọ́ tí ìyá arúgbó kan ń wí pé aṣọ yìí wúwo jù fún orí òun. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dé etí ahunṣọ ní ọ̀sẹ̀ kan náà, aṣọ tí yóò sì jáde ní ọjà tí ó tẹ̀ lé e lè yàtọ̀. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà yìí kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, aláṣọ tí ó ń gbé aṣọ lọ sí ọjà ni ó tún ń fún ahunṣọ ní òwú, ọwọ́ rẹ̀ sì ni ìròyìn wà. Nínú àpilẹ̀kọ kan ní 1987, O'Hear béèrè bóyá oníṣẹ́ ọwọ́ Ìlọrin dá dúró tàbí ó wà ní abẹ́ ẹlòmíràn. Ìbéèrè náà tọ́. Ẹni tí ó mọ ìdí tí ọjà fi kùtà ni ọ̀gá ẹni tí ó ń ṣe ọjà náà.

Ìdánwò tí ó le jù dé nígbà tí léèsì dé. Láti àwọn ọdún 1960, àwọn oníṣòwò ilẹ̀ wa ti ń ra léèsì láti Lustenau àti àwọn ìlú ìtòsí rẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Ọ́síríà. Nígbà tí owó epo rọ̀bì sì pọ̀ ní àwọn ọdún 1970, kò sí òde kan tí léèsì kò kún. Aṣọ yìí kò dà bí aṣọ òyìnbó ti àtijọ́. Aṣọ òde ni, aṣọ iyì ni, ó sì wọ́n ju aṣọ òkè mìíràn lọ. Ibi ìsádi tí ahunṣọ ti sá sí ni ó bá a. Bí ọ̀ràn bá rí báyìí, ẹni tí kò wo ọwọ́ oníbàárà yóò pinnu pé gbogbo rẹ̀ ti parí.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wò ó rí i pé obìnrin tí ó ra léèsì fún bùbá àti ìró kì í fi léèsì wé gèlè. Kò dúró dáadáa lórí. Ara ni léèsì gbà. Orí àti èjìká ṣì ṣófo. Ìyẹn ni ó jẹ́ kí aṣọ òkè di gèlè àti ìpèlé tí a ń lò pẹ̀lú léèsì, tí ó sì di fìlà fún ọkùnrin. Ó níláti fúyẹ́, nítorí náà òwú tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ rọ́pò èyí tí ó nípọn. Ó níláti bá àwọ̀ léèsì mu, nítorí náà àwọn àwọ̀ tí kò sí nínú sányán, ẹtù tàbí àlàárì wọ inú òfì. Ó sì níláti tàn ní abẹ́ iná mànàmáná, nítorí náà òwú dídán dé, tí àwọn ènìyàn fi ń pe aṣọ náà ní ṣáìn-ṣáìn. Àwọn àgbà kan wo ṣáìn-ṣáìn wọ́n mi orí. Bóyá wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti mi orí. Kò sí ẹni tí yóò gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹtù àtàtà kí ó wí pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ohun tí ó dájú ni pé òfì kò dákẹ́. Aṣọ ẹbí pẹ̀lú ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí pé ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó fẹ́ gèlè kan náà níláti bá ẹni tí yóò hun ún sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó rà á, irú ọjà bẹ́ẹ̀ kò sì rọrùn kí ó kùtà.

Nígbà tí ìjọba Babangida yí ètò ọrọ̀ ajé padà ní 1986 tí náírà sì lọ sílẹ̀, léèsì àti gbogbo ohun tí ó ń ti òkè òkun wá di ọ̀wọ́n. Àwọn kan padà sí aṣọ òkè láti orí dé ẹsẹ̀. Ahunṣọ tí ó ti gbàgbé bí a ti ń hun odindi agbádá ì bá má rí nǹkan kan tà ní ọdún náà. Àwọn tí ó ti ń fi gèlè àti fìlà di òfì wọn mú láti 15 ọdún ṣáájú ni ó wà níbẹ̀ láti gba iṣẹ́.

Ní àkókò yìí, aṣọ tí a fi ẹ̀rọ hun ní òkèèrè, tí ó fara jọ aṣọ òkè, tún ti ń wọ ọjà, àwọn tí ó ń rà á sì pọ̀. Bóyá ìtàn làǹtánà ni yóò jẹ́ tàbí ìtàn léèsì kò tíì hàn. Ní Ọjà Tuntun, àwọn ọ̀dọ́ aláṣọ ń ya àwòrán aṣọ, wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí oníbàárà ní Èkó, ní Àbújá, àti ní Lọ́ńdọ̀nù. Àmì aláwọ̀ búlúù méjì yóò fi hàn pé oníbàárà ti rí i. Bí èsì kò bá dé, a jẹ́ pé “mò ń bọ̀” nìyẹn. Ọ̀dọ́ aláṣọ yóò fi han ìyá tí ó kọ́ ọ níṣẹ́, yóò wí pé ẹni náà ti wo gbogbo rẹ̀, kò sì fọhùn. Ìyá náà yóò gba fóònù, yóò na apá rẹ̀ jìnnà kí ó lè ríran dáadáa, yóò sì béèrè ìbéèrè tí òun náà bá lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀: aṣọ wo ni ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà?